Wákàtí ni ẹ ń wá, Màmá: ìdáhùn fún ìyá kan tó ń dá gbé ní Àkúrẹ́

“Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 72 ni mí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ń dá gbé ní Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́, láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti lọ. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí: ọ̀kan wà ní Port Harcourt, méjì wà ní Kánádà. Dókítà ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún ní oṣù tó ń bọ̀, nítorí ohun funfun tí wọ́n ń pè ní cataract tó ti bo ẹyinjú náà. Wọ́n ní n kò ní sùn sílé ìwòsàn, ọjọ́ kan náà ni n ó padà sílé, àmọ́ kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ mi. Ta ni ẹnì kan náà? Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété tèmi ti dàgbà o, ṣùgbọ́n ọmú wà ní Toronto. Ọmọ mi obìnrin ní kí n gba ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa bá mi gbé títí, èmi kò sì fẹ́. Ẹ̀rù olè ń bà mí, ẹ̀rù ẹni tí yóò máa ròyìn mi kiri àdúgbò tún ń bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ní abúlé fẹ́ fi ọmọ ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́, ọmọ ọdún 12. Ṣé kí n gbà á? Àbí kí n kúkú sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú?”

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ òkété. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún lẹ́tà yín kà, ni mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀. Dókítà yín béèrè ẹni tí yóò wà lọ́dọ̀ yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọmọ yín gbọ́ ọ láti Kánádà lọ́hùn-ún, ó sì dáhùn ìbéèrè mìíràn, ìyẹn ta ni yóò máa tọ́jú Màmá títí lọ. Ẹ má bínú sí i, ẹ̀rù ló ń bà á. Ọmọ tó jìnnà sí ìyá rẹ̀ a máa fẹ́ fi ìpinnu kan ṣoṣo pa gbogbo ẹ̀rù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà nílẹ̀ yìí. Bóyá ẹ óò nílò ẹni tí yóò máa bá yín gbé lọ́jọ́ iwájú, ọjọ́ mìíràn la ó jókòó lórí ìyẹn.

Kí n kọ́kọ́ mú ìbéèrè yín tó kẹ́yìn kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ lè rí ẹni tó dára, kò sábà ba nǹkan jẹ́, àyàfi tí dókítà bá ti sọ pé ojú náà ní ìṣòro mìíràn. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Sísún un títí di ìgbà tí ọmọ kan bá rí ìsinmi gbà ni n kò fara mọ́. Nínú ẹyinjú, ohun kan wà tó dà bí gíláàsì, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Ọjọ́ orí a máa sọ gíláàsì yẹn di bí omi ògì. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ló ń le sí i, bó bá sì ti le jù, yíyọ rẹ̀ a di iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ dókítà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àgbàlagbà tó ń dá gbé tí kò sì ríran dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò ti yọ̀ ni. Mo mọ ẹni tó dúró de ọmọ láti Kérésìmesì títí di Àjíǹde, tó ṣubú lójú ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Ọmọ náà padà wá, ó wá rí ìṣòro méjì dípò ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ara yín kò ní lè ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà gan-an. Ẹsẹ̀ yín á wà bó ṣe wà, ọwọ́ yín á wà bó ṣe wà, orí yín á pé. Ẹ óò lè rìn lọ sí ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ óò lè jẹun, ẹ óò lè wọ aṣọ. Ojú ihò kékeré tí wọ́n gbà yọ gíláàsì àtijọ́, tí wọ́n sì gbà fi oníke tuntun rọ́pò rẹ̀, ló ń fẹ́ àkókò kó tó jinná. Nítorí náà wọn a ní kí ẹ má fọwọ́ ra ojú, kí omi tàbí ọṣẹ má wọ̀ ọ́, kí ẹ má gbé ẹrù wúwo, kí ẹ má sì tẹ orí kodò fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iye ọjọ́ tí dókítà yín bá sọ bá yàtọ̀ sí tèmi, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Lójú ẹni tí omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé rẹ̀, ìkìlọ̀ yẹn fúyẹ́. Ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ la wà yìí, kànga ló wà lẹ́yìn ilé ọ̀pọ̀ wa. Ẹ ro ohun tí à ń ṣe nídìí kànga: a ó bẹ̀rẹ̀, a ó tẹ orí sí ẹnu rẹ̀, a ó máa fa okùn, a ó wá gbé korobá. Korobá lítà 20 tó bá kún, kílò 20 ni. Gbogbo èèwọ̀ dókítà pátá la fi ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ tán nídìí kànga. Ìgbálẹ̀ ọwọ̀ wa tí kò ní igi, orí títẹ̀ ni. Aṣọ fífọ̀ nínú ọpọ́n, orí títẹ̀ ni. Ata díndín tó ń múni sín, òun náà wà ńbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ fún aláìsàn. Nígbà tí ike tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bá wà lórí ojú kan, ojú kejì kì í lè mọ jíjìn nǹkan dáadáa. Ẹ óò da omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ife, ẹ óò rò pé ẹ ti sọ̀kalẹ̀ tán lórí àtẹ̀gùn nígbà tó ku ọ̀kan. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ní kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ yín lálẹ́ àkọ́kọ́.

Ní ti oògùn ojú, ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe jù lọ ní gbogbo ọdún 34 tí mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, láti Àkúrẹ́ dé ìlú Òǹdó. Wọ́n sábà máa ń fúnni ní ìgò méjì, wọn a ní kí ẹ máa kán an ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, a sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó parí. Ẹ wo àgbàlagbà tó ń dá a kán: ó gbójú sókè, ọwọ́ ń gbọ̀n díẹ̀, ẹ̀kán kìíní bọ́ sí ìpéǹpéjú, ìkejì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìkẹta wọlé ṣùgbọ́n ẹnu ìgò ti kan ẹyinjú. Oògùn tó yẹ kó lo oṣù kan tán ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìdọ̀tí sì ti wọnú ìgò. Bó ṣe yẹ kó rí rèé. Ẹni tó fẹ́ kán an á kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kó jẹ́ kí ọwọ́ gbẹ. Ẹ óò gbé orí lé ìrọ̀rí. Á fi ìka kan fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó lè dà bí àpò kékeré, á kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sínú àpò náà láìjẹ́ kí ẹnu ìgò kan ohunkóhun, ẹ óò wá rọra pa ojú dé. Kó dúró tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó kán oògùn kejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìkejì á fọ ìkíní dànù. Gbogbo ẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní sùúrù, tó sì ń fọ ọwọ́ rẹ̀, lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sán kan. Kò dìgbà tó bá wọ aṣọ funfun.

Ẹ wá bá mi ka wákàtí rẹ̀. Alẹ́ kìíní, kí ẹnì kan sùn tì yín. Tí ẹ bá lè rí ti alẹ́ mẹ́ta, ó dára jù. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá láàárọ̀ kó kán oògùn, kó pọn omi, kó gbálẹ̀, kó gbé nǹkan kaná. Kó yọjú lọ́sàn-án fún oògùn, kó tún padà wá nírọ̀lẹ́ títí ẹ óò fi kán ti alẹ́. Tí a bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, wákàtí márùn-ún lójúmọ́ ni. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ óò ti lè dá kán oògùn fúnra yín, ọgbọ́n kan sì wà níbẹ̀: ẹ sùn gbalaja, ẹ pa ojú dé, ẹ kán an sí igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ẹ wá la ojú kó ṣàn wọlé. Wákàtí méjì lójúmọ́ fún omi, ìfọṣọ àti ọjà á ti tó nígbà náà. Nítorí náà, Màmá, wákàtí 77 àti oorun alẹ́ mẹ́ta ni ẹ ń wá. Ẹ gbé ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ “ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa bá yín gbé títí”, kí ẹ rí bó ṣe kéré tó. Ẹ sì tún wò ó: wákàtí márùn-ún yẹn kò tò tẹ̀ léra, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pín sí lójúmọ́. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ yín kò lè ṣe é, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.

Ojú ara mi ni mo fi rí ìyẹn. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo yọ̀ ní balùwẹ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi dá. Mo rò pé mo gbọ́n, mo pe èjẹ́ǹtì kan, mo san owó ìforúkọsílẹ̀, wọ́n fi auxiliary kan ránṣẹ́ sí mi, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí kò ní ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ ẹ̀jẹ̀ ríru wọ̀n, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n Ọba-Ilé ló ti ń wá, èmi sì wà ní ọ̀nà FUTA, yunifásítì ìlú wa. Ìgbà tí mo nílò rẹ̀ ni aago méje àárọ̀, ìgbà tó ń dé ni aago mẹ́wàá. Kó tó dé, mo ti fi eyín so ìró mi. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó rí iṣẹ́ tó lówó jù, ó lọ. Èjẹ́ǹtì ní kí n san owó ìforúkọsílẹ̀ mìíràn kí wọ́n tó wá ẹlòmíràn. Ìyá ológì tó ń gbé ilé kẹta sí tèmi ló gbà mí. Bó bá ti ta ògì tirẹ̀ tán láàárọ̀, á kọjá sọ́dọ̀ mi, á tún yọjú nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti iléèwé dé. Kò kàwé. Àmọ́ kò fi ọjọ́ kan jẹ gbèsè.

Torí náà, ibi tí n ó ti kọ́kọ́ wá ènìyàn fún yín ni ibi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Obìnrin tó ti tó ọmọ ọdún 35 sí 55 ni mo fẹ́ràn jù, tó ní iṣẹ́ kékeré tirẹ̀, bí aránṣọ tàbí ẹni tó ń dín àkàrà láàárọ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní bẹ yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun dúró nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé. Ẹ lọ bá màtrọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò yín, ó mọ àwọn obìnrin tó ṣeé fọkàn tán ju bí ẹ ṣe mọ̀ wọ́n lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùfẹ̀yìntì ẹgbẹ́ yín pẹ̀lú, pàápàá àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, ìbéèrè tí mo máa ń ní kí wọ́n bi wọ́n ni, “Ṣé ẹ tún lè pè é padà?” Bí ẹni tí wọ́n bi bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ẹ ó sọ pé àwọn obìnrin ìjọ ńkọ́. Mo fẹ́ràn wọn, n kò sì kóyán wọn kéré. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìkòkò ọbẹ̀ wọn á pọ̀ débi tí fíríìjì yín kò ní gbà á mọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, kò ní sí ẹnì kankan, kì í ṣe pé inú wọn burú, olúkúlùkù ló rò pé ẹlòmíràn ti lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lò wọ́n dáadáa, ẹ má sọ pé “ẹ máa yọjú sí mi.” Ẹ fún wọn ní oorun alẹ́ mẹ́ta yẹn, orúkọ kan fún alẹ́ kan. Iṣẹ́ tó ní ọjọ́ àti orúkọ ni àwọn ènìyàn ń ṣe.

Ọmọ ọdún 12 náà, ẹ má gbà á. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Òǹdó náà ti sọ di tirẹ̀, pe ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé, ó sì fi dandan lé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ ọmọ níwèé, ẹ óò wá mú ọmọ kan kúrò ní iléèwé abúlé rẹ̀ ní àárín táàmù kó lè máa fa omi fún yín? Yàtọ̀ sí òfin, ẹ wò ó bí aláìsàn ṣe ń wò ó: tí ojú bá ń ro yín ní aago méjì òru, ẹ̀yin ni ẹ óò tún máa pẹ̀tù sí ọmọ tó ń sunkún. Ọmọ yẹn á nílò aṣọ, oúnjẹ, ìwé àti ìtọ́jú ibà. Ẹ óò ti di alágbàtọ́ kí ojú tó jinná. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé dókítà ní àgbàlagbà lòun fẹ́. Irọ́ kọ́ nìyẹn.

Ọmọ iléèwé gíga ńkọ́? FUTA ti wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá yàrá tí kò wọ́n. Tí ẹ bá ní yàrá tó ṣófo lẹ́yìn ilé, mo ti rí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ti ń gbé ibẹ̀ láìsan owó, tó ń pọn omi, tó ń kán oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó máa ń dára títí ìdánwò fi dé. Bí ẹ bá gba ọ̀nà yìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé oṣù kan ni, nítorí ayálégbé tí kì í san owó kì í rántí àtijáde.

Ní ti nọ́ọ̀sì, ẹ kò nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ojú tó lọ déédéé. Bí ẹnì kan bá pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí orílẹ̀-èdè yìí, tí a máa ń sọ dọ̀tun ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Auxiliary kò ní in, kò sì yẹ kó máa fún yín lábẹ́rẹ́ tàbí kó pààrọ̀ oògùn yín. Gbogbo èjẹ́ǹtì kọ́ ni oníjìbìtì, àwọn kan mọṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi wọ́n pé tí ẹni yìí bá lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ta ni yóò rọ́pò rẹ̀, ní èló. Kí ìdáhùn náà wà lórí ìwé. Èmi kò béèrè.

Ó kan ọ̀rọ̀ olè. N kò ní tàn yín pé kò sí. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó jí nǹkan àgbàlagbà kì í sábà jẹ́ ẹni tó wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí gbogbo ojú pópó mọ̀. Ohun tó sì ń jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ jù ni àwa fúnra wa: a fún un ní káàdì ATM pẹ̀lú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, kó lọ bá wa gba owó nídìí POS, nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá a ń ka owó, kò pé, a kò sì lè búra pé àwa kọ́ ló ná an. Kí ọmọ yín ní Port Harcourt máa fi owó ọjà ránṣẹ́ tààrà sí olùtajà tí ẹ mọ̀, tàbí kí ẹ gba owó ọ̀sẹ̀ méjì kalẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí ẹ máa fún un ní ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó góòlù àti ìwé ilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán. Ẹ gba nọ́ńbà NIN rẹ̀ àti fọ́tò, kí ẹ mọ ilé tó ń gbé: ẹ rán ẹnì kan dé ẹnu ilẹ̀kùn náà, kó fi ojú rí i. Onídùúró tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀, orí ìwé lásán ló ti ń dúró.

Mo ní ohun kan tó ń bà mí lẹ́rù ju olè lọ, òun ni pádílọ́ọ̀kì. Ní ìlú Òǹdó, ní àdúgbò Yaba, wọ́n pè mí sí ilé bàbá kan tí wọn kò rí fún ọjọ́ méjì. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tín-ín-rín láti inú yàrá. Ó ti fi pádílọ́ọ̀kì ti bọ́gílárì láti inú, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, òun alára wà lórí ilẹ̀ pálọ̀. Jórinjórin dé, iná kò sí. Wọ́n lọ yá jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ kò ní epo. Ó lé ní wákàtí kan kí irin tó gé, gbogbo wa dúró lójú fèrèsé tí à ń bá bàbá sọ̀rọ̀ kó má baà sùn lọ. Ó yè é. Màmá, kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ kejì fún aládùúgbò kan, kí ẹ sì máa ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí kọ́kọ́rọ́ lè fi ṣí i láti ìta. Bí ẹ kò bá ṣe nǹkan mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹ ṣe ìyẹn.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Òfin náà kò de ilé tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ṣùgbọ́n mo máa ń fi ṣe òdiwọ̀n. Tí ẹ bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, wákàtí kan jẹ́ nǹkan bí ₦400. Nítorí pé iṣẹ́ tiyín ń já ọjọ́ onítọ̀hún sí wẹ́wẹ́, ẹ fi sí ₦500 ó kéré tán. Wákàtí 77 á jẹ́ ₦38,500, ẹ wá fi ti oorun alẹ́ kún un bí ẹni tó sùn bá jẹ́ ẹni tí ẹ ń sanwó fún. Ẹ máa san án ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ẹ bá san gbogbo owó fún ṣáájú, ẹ ti san owó ìsinmi rẹ̀.

Ní ti ẹni tí yóò máa ròyìn yín, n kò ní oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ilé ènìyàn á rí nǹkan, á sì sọ díẹ̀. Ẹ ti yàrá tí ẹ kò fẹ́ kó wọ̀. Ọmọ yín á ní òun fẹ́ fi kámẹ́rà síbẹ̀. Tí ẹ bá gbà, kó wà ní pálọ̀ nìkan, kí obìnrin náà sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí fún èyí tí mo fẹ́ sọ: ẹ̀yin olùkọ́ lẹ nira jù láti tọ́jú. Tó bá gbálẹ̀ tí kò mọ́ bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ má gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi hàn án. Orí títẹ̀ ni.

Kí obìnrin tí ẹ bá yàn wá ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́ abẹ, fún wákàtí márùn-ún, kí ẹ san owó rẹ̀. Ẹ ra ìgò omi ojú lásán ní ilé oògùn, kó fi kán ojú òsì yín lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kó pọn omi kún gbogbo dírọ́ọ̀mù. Ẹ óò mọ̀ láàárín ọjọ́ yẹn bóyá ẹ lè fara da ohùn rẹ̀ fún oṣù kan, ẹ óò sì ní àkókò láti wá ẹlòmíràn. Ẹ sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí fún un lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà ara ògiri tí ẹ̀yin méjèèjì ń wò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà náà, ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ògiri tí ẹ kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn sí pẹ̀lú ohun tó ń mú kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an láìdúró de ọ̀la: ìrora tó ń pọ̀ sí i, ojú tó ń pọ́n sí i dípò kó máa mọ́, ìríran tó ti mọ́ tó tún ń ṣókùnkùn, ọyún lójú, tàbí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ yẹ̀rì bí mànàmáná. Kí ẹ jọ kà á sókè. Èmi kò rí ojú yín, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí ẹ bá ní, ẹ sọ fún dókítà ojú kí ó tó di ọjọ́ náà, torí ìyẹn lè yí iye ọ̀sẹ̀ tí mo kà padà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, ẹ san owó tó kù, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fún un ní aṣọ tàbí iṣu kan tó dáa lé e. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀. Ojú òsì yín náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lọ, bí dókítà bá sì ti mú ọjọ́ rẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe Kánádà.